Ẹnubodè Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Máa Ṣọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ ni: àgbẹ̀, ìyá ọlọ́jà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ìbéèrè náà nìyí: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa ṣe òfin lé ohun tí ènìyàn ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Bí ó bá yẹ, báwo ni òfin náà ṣe gbọdọ̀ rí, tí kò fi ní di okùn sí ọrùn àwọn tí ó yẹ kí ó dáàbò bò?

N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ní ìletò kan ní ìhà Kétu, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà, ìyá kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó ń ta gàrí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohùn kan jáde lórí WhatsApp. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní ọmọ kan ti kú nítorí gàrí ìyá náà. Ó dárúkọ rẹ̀, ó sọ ibi tí ó ń pàtẹ sí lọ́jà. Ohùn náà ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí n tó jẹun alẹ́ tán, mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ méjì tí mo wà. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Ọjà mẹ́ta ni ìyá náà ná tí kò rí ẹni ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òtítọ́ máa jáde, ọmọ tí wọ́n ní ó kú ń bẹ láàyè. Ibà ni ó ṣe é, ara rẹ̀ sì ti yá. Títí di òní, a kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ohùn náà jáde. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ síwájú. Ọ̀kan nínú wọn ni èmi.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ti ń sọ nìyí. Kí ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì yìí, kí gbogbo wa padà sí bí a ti wà tẹ́lẹ̀." Ọ̀pọ̀ nínú wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá onígàrí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́. Fóònù yín kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbà. Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ni kò gbà pé kí wọ́n di ọ̀nà. Kí ló rí tí àwa kò rí?

Odi àti ẹnubodè

Láyé àtijọ́, odi àti yàrà ni ó yí ìlú Kétu ká. Ẹnubodè rẹ̀ tí a ń pè ní Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ẹni tí kò bá tíì rí i lè lọ wò ó. Àwọn bàbá wa tí ó kọ́ ọ mọ ohun méjì.

Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò ní oníbodè, ọ̀tá á wọ̀ ọ́. Wọn kò ro ìyẹn lásán: ní ọdún 1886, ogun Dànhòmẹ̀ fọ́ Kétu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣọ́ ohunkóhun, kí a jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa wọlé bí ó ti wù ú, kò mọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé ẹnubodè kì í ṣe ògiri. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà dí títí láé ni, wọn ì bá má dá ẹnu sí odi náà rárá. Àràárọ̀ ni ẹnubodè ń ṣí kí àgbẹ̀ lè lọ sóko, kí oníṣòwò lè wọlé, kí àna lè bẹ àna wò. Bí oníbodè bá rí ẹni tí ó fura sí, ẹrù ẹni náà ni yóò tú wò. Kì í torí olè kan lé gbogbo ọlọ́jà padà sílé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà ọjà ayé ìsinsìnyí. Orí rẹ̀ ni ọmọ tí ó wà ní Kútọnu ń gbà bá ìyá rẹ̀ tí ó wà ní Sábẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ni ọlọ́jà Àjàṣẹ́ ń gbà béèrè iye owó ọjà kí ó tó wọ ọkọ̀. Orí rẹ̀ náà ni onírọ́ àti gbájú-ẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, kí á má ṣe jiyàn lórí bóyá kí oníbodè wà tàbí kí ó má wà. Irú oníbodè wo ni ó yẹ kí ó wà? Ìyẹn ni ó yẹ kí á jiyàn lé lórí. Ní ilẹ̀ wa níbí, a ti rí oríṣi mẹ́ta.

Oríṣi oníbodè mẹ́ta

Èkíní ni oníbodè tí ń gba owó. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe àṣẹ kan pé ẹni tí ó bá lo Facebook, WhatsApp, Twitter àti irú wọn yóò máa san fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ní kíláàsì. Mẹ́gà 1,000 jẹ́ fráǹkì 5,000. Ní ọdún náà, owó oṣù tí òfin ní kò gbọdọ̀ kéré sí fún òṣìṣẹ́ jẹ́ fráǹkì 40,000. Ẹni tí ó bá lo mẹ́gà 1,000 péré lóṣù yóò san ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ owó oṣù bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí iye tí ó fi ra mẹ́gà náà. Nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ariwo ta. Àwọn ọ̀dọ́ kọ̀wé, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kóra jọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìjọba fagi lé e. Ẹ kíyè sí i: orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ti pe ara wọn jọ. Bí owó náà bá ti pẹ́ kí ariwo tó ta, àwọn tálákà ni ì bá kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Olówó ì bá máa sọ̀rọ̀ lọ.

Oníbodè ilẹ̀ Yorùbá náà máa ń gba owó bodè láyé àtijọ́, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orí ẹrù ọjà ni wọ́n ti ń gbà á. Ta ni ó gbọ́ rí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó kàn fẹ́ kí àbúrò rẹ̀?

Èkejì ni oníbodè tí ń di ọ̀nà pa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, a dìbò yan àwọn aṣòfin ní Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìdìbò náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn jí, wọ́n tan fóònù wọn, WhatsApp kò lọ, Facebook kò lọ. Lẹ́yìn náà, íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ kejì ni ó tó padà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Tógò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de lòdì sí ìjọba.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa íntánẹ́ẹ̀tì? Kò ṣòro. Okùn ńlá tí ó gba abẹ́ òkun ni ó gbé e dé Kútọnu. Àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ni ó ń pín in fún wa, ọwọ́ ìjọba ni wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ. Ibi tí ẹnubodè kò bá ti pọ̀, ẹni díẹ̀ ní ń tì í.

Àwọn tí ó ń gbèjà irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí ìjà má baà bẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní láárí, a ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀nà dí, irọ́ kò dákẹ́, ẹnu dé ẹnu ni ó ń gbà. Òtítọ́ ni kò rí ọ̀nà gbà láti lé e bá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò rí dókítà bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ọlọ́jà kò rí oníbàárà. Gbogbo ìlú jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá.

Ẹ̀kẹta ni oníbodè tí ń tú ẹrù wò. Ìyẹn ni òfin tí ń mú ẹni tí ó ṣẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí ó dá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ẹni tí ó bá gbé irọ́ jáde nípa ẹlòmíràn, tàbí tí ó bá gbé irọ́ náà síwájú, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà. Ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì: tàbí tí ó bá gbé e síwájú. Nígbà tí mo kà á, mo rántí alẹ́ ọjọ́ gàrí, ara mi bù máṣọ.

Lójú mi, oríṣi kẹta yìí ni ó sàn jù, nítorí pé ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó ń bi. Ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, oníròyìn kan tí ń jẹ́ Ignace Sossou gbé ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba ní Kútọnu sọ níbi ìpàdé kan jáde. Nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa lọ́jọ́ ìdìbò wà. Agbẹjọ́rò náà ní kì í ṣe bí òun ṣe sọ ọ́ ni ó ṣe gbé e jáde. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni wọ́n mú oníròyìn yìí. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 24, ilé ẹjọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Òfin tí ó lè gba orúkọ ìyá onígàrí padà fún un ni wọ́n lò fún èyí. Wọ́n dín ẹ̀wọ̀n náà kù nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà tí ó ti lò, ta ni yóò dá a padà?

Nítorí náà, òfin dára, ṣùgbọ́n ọbẹ ni. Ọbẹ tí a fi ń bẹ iṣu náà lè gé ni lọ́wọ́. Bí àwọn tí òfin ń dáàbò bò bá jẹ́ àwọn tí ó ní agbára nìkan, odi ilé wọn ni, kì í ṣe odi ìlú.

Oníbodè tí a kò rí

Oníbodè kan tún wà tí a kì í sábà dárúkọ. Ìyẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ni Facebook, WhatsApp, Twitter (tí a ń pè ní X báyìí) àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò dúró àti ọ̀rọ̀ tí wọn yóò pa rẹ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2021. Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Láìpẹ́, ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n ti Twitter pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni, títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ó lé ní oṣù méje. Alágbára méjì ni ó ń jà. Ẹni tí ó ń fi Twitter ta ọjà ní Ìbàdàn kò sí nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n òun ni ó san owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa tí ń sọ èdè yìí. Ẹ̀rọ ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà sábà fi ń wá ọ̀rọ̀ burúkú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà sì gbọ́ jù. Bí ènìyàn bá fi èdè Nàgó sọ pé kí wọ́n lọ lu aládùúgbò wọn, ó lè gba iwájú oníbodè kọjá láìsí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun. Oníbodè tí kò gbọ́ èdè èrò, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí ó ru májèlé?

Bí iná bá ti ń jó ńkọ́?

Mo ní a ó padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí ìjà má baà bẹ́. Ẹ jẹ́ kí á má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ní ọdún 1994, ní Rùwáńdà, ilé-iṣẹ́ rédíò kan ń ru àwọn ènìyàn sókè kí wọ́n pa àwọn Tutsi. Wọ́n ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Ọ̀rọ̀ ẹnu pa ènìyàn, a kò lè sẹ́ ẹ. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde lónìí, ṣé kí á sọ pé kí á dúró de adájọ́ títí ọdún yóò fi yí po?

Rárá. Bí ilé bá ń jó, omi ni à ń wá. Ọ̀rọ̀ tí ó ní kí wọ́n pa ènìyàn, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́gán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni kí wọ́n mú kúrò, kí wọ́n má ṣe mú gbogbo ọ̀nà. Kí adájọ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ó sọ bóyá wọ́n ṣe é bí ó ti tọ́. Lẹ́yìn ogun Rùwáńdà, wọn kò sọ pé kí a má ṣe ní rédíò mọ́. Àwọn ènìyàn tí ó lo rédíò náà fún ìpànìyàn ni wọ́n kó lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Àrúṣà, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2003.

Bí ọjọ́ iwájú yóò ti rí

Ọjọ́ iwájú tí à ń wí ti ń wọlé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, Starlink ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ti ojú ọ̀run wá ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà kò gba abẹ́ òkun nìkan mọ́. Yóò ṣòro díẹ̀ fún ìjọba láti di ọ̀nà pa, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà yóò wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣé òmìnira nìyẹn, tàbí a kàn pààrọ̀ ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú?

Ẹ̀rọ tún ti wà báyìí tí ó lè fara wé ohùn ènìyàn. Àwa tí a máa ń fi ohùn ránṣẹ́ ju ìwé lọ, ẹ jẹ́ kí á kíyè sára. Ohùn tí ó ń gbọ̀n tí mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ènìyàn ni ó sọ ọ́. Lọ́la, ó lè jẹ́ ohùn baálẹ̀ ni a óò gbọ́, kí baálẹ̀ má sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Mo rí nǹkan mẹ́rin.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí á mọ òfin kí ó tó mú wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin ọdún 2018 náà. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò mọ̀ pé gbígbé irọ́ síwájú lè sọ òun di ẹlẹ́wọ̀n. Òfin tí yóò bi gbogbo wa, ó yẹ kí a lè kà á ní èdè tí a fi ń gbàdúrà, tí a sì fi ń ná ọjà.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí á tú ẹrù ẹni tí a fura sí, kí á má ṣe ti ẹnubodè mọ́ gbogbo ìlú.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a gbọ́ ẹnu ẹni méjèèjì. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí kan ìjọba, ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Oníbodè gan-an gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò jíhìn fún. Kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ CEDEAO dá Tógò lẹ́bi nítorí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó pa ní ọdún 2017. Ní oṣù keje ọdún 2022, ó dá Nàìjíríà náà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ Twitter. Ìjọba méjì jẹ́jọ́ níwájú adájọ́, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe lè jẹ́jọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ti ọwọ́ wa. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Olúkúlùkù wa ni oníbodè fóònù rẹ̀. Kí á tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí á bi ara wa: ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó rí i? Bí ó bá jẹ́ irọ́, orúkọ ta ni yóò bàjẹ́? Bí àwa bá kọ̀ láti ṣọ́ ẹnubodè kékeré yìí, ẹlòmíràn yóò wá bá wa ṣọ́ ọ, bí ó sì ti wù ú ni yóò ṣe ṣọ́ ọ.

Mo lọ bá ìyá onígàrí ní ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Lójú rẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù, mo dárúkọ ara mi, mo ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan kò gbọ́ ọ títí di òní, nítorí ẹsẹ̀ irọ́ yá ju ti àtúnṣe lọ. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, mo ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, mo bu díẹ̀ sẹ́nu níbẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Tísà, ẹ ti ń kọ́ wa ní ìwé kíkà. Ẹ jẹ́ kí á jọ kọ́ bí a ṣe ń dúró díẹ̀ kí á tó sọ̀rọ̀."

Ẹ̀kọ́ náà ni mo mú wá fún yín. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ahọ́n tí ń dúró.